Àwọn Ìbéèrè Tí A Kó Jọ De Àǹtí Rùkáyà

Ohùn tí ó kọ́kọ́ máa ń padà sí mi létí nígbà tí mo bá rántí ọdún yẹn ni ohùn àgbàdo tí ń já bọ́ sínú bàsíà. Bí ìsàlẹ̀ bàsíà bá ṣì ṣófo, àgbàdo á máa dún bí òjò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù; bí ó bá ti ń kún, ohùn náà á rẹlẹ̀, á dà bí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kí ó sì mọ̀, láti inú ohùn yẹn nìkan, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá nínú wa. "Súlè, ṣé ọwọ́ rẹ ti sùn ni?" ni yóò ké láti inú ilé, Súlè ẹ̀gbọ́n wa yóò sì ta gìrì bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà nídìí àgbàdo yíyin: ẹnu lè máa ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ náà bá ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ pàtàkì tí àwa ọmọdé agboolé wa ní Osi sọ lọ́dún náà, ìdí àgbàdo ni a ti sọ ọ́. Ibẹ̀ náà ni a ti kó àwọn ìbéèrè wa jọ.

Àwa mẹ́ta ni Ìyá Àgbà ń tọ́. Súlè ni àgbà wa, ó ti wọ iléèwé girama, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi, Mọ̀ríámọ̀, ni mo tẹ̀lé e. Bílíkì ni ó kéré jù. Àǹtí Nímọ̀ta, àbúrò bàbá mi obìnrin, ni ó bí Bílíkì, ṣùgbọ́n ó ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà láti ìgbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, ó sì bá iṣẹ́ lọ sí Èkó. Orí fóònù Ìyá Àgbà ni ohùn rẹ̀ ti máa ń wá, fóònù tí a gbọ́dọ̀ gbé gun orí òkúta ńlá ẹ̀yìnkùnlé kí ó tó lè gbọ́ràn. Bí ìpè náà bá ti já, Bílíkì kì í tètè gbé fóònù kúrò létí. Yóò dúró sórí òkúta náà, yóò máa tẹ́tí sí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, títí Ìyá Àgbà yóò fi ní, "Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀ wá, òòrùn ń pa ọ́." Nígbà náà, mo rò pé eré ni ó ń ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun kan níhìn-ín, nítorí pé láìsí i, kò sí ẹni tí yóò lóye ohun tí ó dé bá wa. Ní ilé wa, ọmọ tí a tọ́ kì í gba ohunkóhun ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Bí aládùúgbò bá ní, "Ẹ wá jẹun," ìdáhùn ni, "A ti yó, mà. Ẹ ṣé, mà," kódà bí inú bá ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Aládùúgbò náà kò ní bínú, nítorí pé òun náà mọ̀ pé irọ́ ni. Yóò ní, "Ẹ má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ wá jẹun jàre." A óò tún dúpẹ́, a óò tún kọ̀, ṣùgbọ́n ohùn wa á ti rọ̀ díẹ̀, ojú wa á sì ti wà lórí àwo. Ìgbà tí ó bá tún wá pè wá, tí ó sì bi wá bóyá a fẹ́ kí òun kúnlẹ̀ bẹ̀ wá ni, ìgbà náà ni a óò tó lọ fọ ọwọ́. Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí èyí, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka àdúà: "Ọmọ tí a bi lẹ́ẹ̀kan tó gbà, ebi ló tọ́ ọ. Ọmọ tí a bi títí kó tó gbà, ulé ló tọ́ ọ." Ulé ni ó ń pe ilé, bí àwọn àgbà ìlú wa ṣe ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń tóbi lẹ́nu rẹ̀ ju ilé tí a ń kọ ní iléèwé lọ. Nígbà kan, Súlè gba àkàrà lọ́wọ́ aláàkàrà ìta wa ní ìpè àkọ́kọ́. Kí ó tó jẹ ẹ́ tán, ìròyìn ti dé ilé. Ìyá Àgbà kò nà án. Ó kàn wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Súlè, ṣé èmi ni mo tọ́ ọ ni, àbí inú igbó ni mo ti rí ọ he?" Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Gbàlẹ́ẹ̀kan, orúkọ náà sì máa ń dùn ún ju ẹgba lọ.

Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà díẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà ní ẹwà tirẹ̀. Ẹni tí ó kọ̀ ń fi ọkàn tán ẹni tí ó bi í. Ó gbà gbọ́ pé yóò tún bi òun. Ẹni tí ó tún béèrè náà ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí òun sọ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá jọ ń gún iyán nínú odó kan: bí ọ̀kan bá sọ ọmọ odó kalẹ̀, èkejì yóò gbé tirẹ̀ sókè. Ohun tí Ìyá Àgbà kò kọ́ wa, bóyá nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì bá a pàdé, ni ohun tí ọmọ yóò ṣe bí ẹni tí ó wà ní òdìkejì odó kò bá mọ̀ pé ó ti kan òun.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi ọkùnrin, ni ó ní tẹlifísọ̀n. Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, yóò fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ títí tí yóò fi wúkọ́ tí yóò sì gbà, gbogbo ọmọ àdúgbò á sì ti tẹ́ ìdí sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ kí àwòrán tó jáde. Eré kan wà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọdé, nípa ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àjíkẹ́ àti òbúkọ rẹ̀ tí ń jẹ́ Kánsẹ́lọ̀. Òbúkọ náà ń sọ̀rọ̀. Ó gbà pé òun ni olórí agboolé náà, ó máa ń pàṣẹ fún àwọn adìẹ, ó máa ń jẹ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, yóò sì sọ pé owó orí ni òun ń gbà. A máa ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú eré náà tí kì í ṣe ẹ̀rín. Níbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, ìyá Àjíkẹ́ ti wọ bọ́ọ̀sì lọ ta gàrí ní ìlú mìíràn, kò sì tíì padà. Bí eré ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń parí lọ, Àjíkẹ́ yóò rìn lọ sí etí títì, yóò gbé ọwọ́ lé iwájú orí, yóò wo ọ̀nà, orúkọ àwọn tí ó ṣe eré náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú rẹ̀. Bílíkì kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín sí Kánsẹ́lọ̀. Ibi etí títì yẹn ni ó máa ń dúró dè. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ní òun kò ní ohun tí òun ń wò lára òjìji tí ń sọ̀rọ̀. Ìta ni ó máa ń jókòó sí, lábẹ́ fèrèsé, tí yóò máa ṣa ẹ̀wà. Mo kàn rántí pé ẹ̀wà ọjọ́ Sátidé máa ń ní òkúta nínú ju ti ọjọ́ yòókù lọ.

Ní ọjọ́ kan tí orúkọ ń kọjá bẹ́ẹ̀, Bàbá Kékeré fò sókè lórí àga. "Ẹ wo orúkọ yẹn! Rùkáyà ni! Rùkáyà agboolé kejì ni ó ń kọ eré yìí!" Agboolé tí àwa pẹ̀lú wọn jọ ń pọn kànga kan ni ó ń wí. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ Àǹtí Rùkáyà dàgbà, ìgbà ọlidé nìkan ni ó máa ń wá sí Osi nígbà tí ó wà ní kékeré, Èkó ni ó sì ń gbé nígbà tí à ń wí yìí. A kò rí i rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń wo eré yẹn bí ẹni ń wo ẹbí rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ọkùnrin papò dà, ìròyìn sì dé pé yóò wá fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ìyá Àgbà ní, "Kò ní wá sílé kó má kí mi. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó wá ṣe ọlidé tí ó kó èéyi."

"Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó mú un wá síbí," ni Súlè wí nídìí àgbàdo lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. "Èmi ni n óò gbọ́ ọ, tí n óò sì sọ bóyá ó yẹ kí a bi ènìyàn ńlá."

"Ta ni ó fi ọ́ jẹ alága?" ni mo bi í.

"Ṣé o kò rí ìrùngbọ̀n mi ni?"

"Ìrùngbọ̀n? Ti Kánsẹ́lọ̀ gùn jù ú lọ."

Ìbéèrè ń wọlé láti ibi gbogbo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ilé-kéwú ń sọ tiwọn sí wa létí lẹ́yìn wàláà, alùfáà sì ń rò pé kéwú ni a ń kà. Àwọn kan fẹ́ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fún òbúkọ náà, bóyá ó ń jẹ ewé iṣu lóòótọ́. Èmi fẹ́ bi í bóyá kànga inú eré náà, èyí tí etí rẹ̀ ti sán ní apá kan, kànga tiwa ni ó rántí kọ. Kódà ìbéèrè wá láti Ọbbọ-Ayégúnlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ìbátan wa wà. Ọlọ́kadà tí ń kó iṣu Ìyá Àgbà lọ sọ́jà ni wọ́n rán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láì pa ẹ̀rọ, ó ń pariwo bọ̀: "Wọ́n ní kí n sọ fún yín o! Wọ́n ní báwo ni Kánsẹ́lọ̀ ṣe yè ní Iléyá tó kọjá? Ẹ bá mi bi í dáadáa, èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n!" A kò kọ ìkankan sílẹ̀. Ṣùkù ni a fi ń rántí wọn: bí ẹnìkan bá ti yin àgbàdo tán lára ọ̀kan, yóò ka ìbéèrè kan kí ó tó jù ú sẹ́yìn, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì ka òmíràn. Bí a ṣe ń kà á lójoojúmọ́ nìyẹn, tí ó fi mọ́ wa lẹ́nu bí súrà kúkúrú.

Bílíkì nìkan ni kò tíì mú tirẹ̀ wá. Súlè ní, "Ìwọ ńkọ́, ìyá arúgbó? Ṣé o fẹ́ mọ ohun tí Kánsẹ́lọ̀ fi ń fọ eyín ni?" Bílíkì kò gbójú sókè. Ó ń fi àtàǹpàkò ti àgbàdo díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àjíkẹ́. Ṣé ó mọ ọ̀nà ilé?"

Gbogbo ọwọ́ dá. Bàsíà náà dákẹ́ pátápátá, ó sì ya mí lẹ́nu pé Ìyá Àgbà tí ó wà nínú yàrá kò ké mọ́ ẹnikẹ́ni. Súlè kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní, "Ìyẹn ni a óò kọ́kọ́ bi í. Ìwọ fúnra rẹ ni o sì máa bi í." Bílíkì mi orí pé òun gbà. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ àdúà, mo máa ń gbọ́ tí ó ń ka ìbéèrè náà fún ara rẹ̀ bí ó bá ń gbálẹ̀, tí yóò máa gbé ohùn ọ̀rọ̀ náà sókè sódò, bí ẹni ń wá ibi tí ó ti lè dà bí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà.

Àǹtí Rùkáyà kò rí bí mo ṣe rò. Mo ti fojú sọ́nà fún obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí ohùn rẹ̀ yóò kún ilé. Obìnrin kékeré ni, ó lo ìgò ojú, ó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọdé. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní, "Rùkáyà, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́hun á fi àlùjánnà kẹ́ Bàbá." Ó ní, "Àmín, mà." Iyán ti wà nílẹ̀, tí Súlè àti èmi gún láti òwúrọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì ti ń tú èéfín. Ìyá Àgbà ní, "Ó yá, wá jẹun."

"Ẹ ṣé gan-an, mà," ni Àǹtí Rùkáyà wí. "Ebi ń pa mí, kí n má parọ́. Láti ìta ni mo ti ń gbóòórùn iyán yìí." Ó sì fọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀.

Àwa tí a jókòó sórí ẹní wo ara wa. "Gbàlẹ́ẹ̀kan!" ni Súlè fi ètè sọ, mo sì bu ẹnu mi jẹ kí n má bàa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà fi ojú gún wa. Bí mo bá ń rántí ọjọ́ náà, ibi yìí ni ó máa ń dùn mí jù lọ, nítorí pé ohun gbogbo tí ó yẹ kí a mọ̀ ti wà níwájú wa nínú àwo náà. Obìnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Báwo ni yóò ṣe wá mọ̀ pé kíkọ̀ wa kì í ṣe kíkọ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni a fi rí i, a kò sì fi ronú.

Ó jẹun tán, ó yin iyán náà, ó wá yíjú sí wa. "Ṣé àwọn ọmọ yìí máa ń wo tẹlifísọ̀n?" Ìyá Àgbà dáhùn bí àgbà ṣe ń dáhùn nípa ọmọ rẹ̀, kí àlejò má bàa rò pé ó ń fi wá yangàn: "Ọmọdé ni wọ́n, kí ni wọ́n mọ̀?" Àǹtí Rùkáyà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ṣé ẹ ní ìbéèrè kankan tí ẹ fẹ́ bi mí?"

"Rárá, mà," ni gbogbo wa wí lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ ṣé, mà."

A sì ń retí. Mo gbọ́ adìẹ tí ń ha ilẹ̀ níta. Bílíkì ti fi ahọ́n ra ètè rẹ̀. Àǹtí Rùkáyà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí Súlè dé orí Bílíkì, ohun kan sì kọjá lójú rẹ̀ tí n kò ní orúkọ fún nígbà náà; ó dà bí ti ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ láti gun àtẹ̀gùn tí kò sì bá àtẹ̀gùn níbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Kò burú." Ó jókòó padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tí ń dun Ìyá Àgbà. Mo wo Ìyá Àgbà. Inú rẹ̀ dùn sí wa. A ti dáhùn bí ọmọ tí ulé tọ́.

"Yóò tún bi wá lẹ́nu ọ̀nà," ni Súlè sọ sí wa létí nígbà tí a ń sìn ín lọ sídìí ọkọ̀. Nítorí náà a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà bí àwọn tí ó fẹ́ kọ orin ìjọba. Ó wọlé, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó la ẹnu, àwa náà sì nà ró. Bílíkì tilẹ̀ ti sọ pé, "Ìyá…" Àǹtí Rùkáyà ní, "Ẹ máa kàwé o. Ẹ bá mi tọ́jú Màmá." Lẹ́yìn náà ni ó bi awakọ̀ rẹ̀ bóyá ọ̀nà Ìlọfà ni wọn yóò gbà. Eruku bo wá lójú.

"Kò bi wá mọ́?" ni Bílíkì wí.

"Kò bi wá mọ́."

"Ṣé kí n sáré tẹ̀lé e? Ọkọ̀ náà á rọra ní ibi kòtò yẹn."

Súlè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀." Ohun tí wọ́n kọ́ ọ náà ni ó sọ, mi ò sì lè bá a wí. A dúró síbẹ̀ títí ohùn ọkọ̀ náà fi kọjá kòtò, tí ó sì kú sọ́nà.

Kí wọ́n tó wa iṣu tuntun ni eré náà ti dópin. Kò sí ẹni tí ó kéde rẹ̀. A kàn jókòó ní Sátidé kan, àwọn ọkùnrin kan ni wọ́n gbé sórí tẹlifísọ̀n tí wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ àdúgbò tú ká. Bílíkì ṣì ń wá jókòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bóyá wọ́n gbàgbé ni. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà lọ sí agboolé kejì lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá Àǹtí Rùkáyà obìnrin, ó sì padà pẹ̀lú gèlè lórí, kò wọlé lọ tú u. Ọ̀dọ̀ wa nídìí àgbàdo ni ó jókòó sí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ni ó wí, "ọjọ́ tí Rùkáyà wá, ṣé ẹ kò ní ìbéèrè ni?"

Súlè ní, "A ní, Ìyá. A ní rẹpẹtẹ."

"Kí ni ó wá dí yín lẹ́nu?"

Èmi ni mo wí i nígbẹ̀yìn, tí mo dojú kọlẹ̀: "À ń retí pé kí wọ́n tún bi wá ni, Ìyá."

Nígbà náà ni ó sọ ohun tí ó gbọ́. Ó ní àárẹ̀ ti mú Àǹtí Rùkáyà nídìí eré náà kí ó tó wá sílé rárá. Ó ti sọ fún obìnrin tí Ìyá Àgbà lọ kí náà pé bí òun bá bá àwọn ọmọ tí ń wò ó ní ilé bàbá òun, òun yóò máa kọ ọ́ lọ. "Ó ní òun bi wọ́n, wọ́n ní àwọn kò ní ohun tí àwọn fẹ́ bi òun. Ó ní ta wá ni òun ń kọ ọ́ fún?" Ìyá Àgbà mú ṣùkù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin ín, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó já bọ́ sínú bàsíà, nítorí pé èyí tí a ti yin tán ni ó mú. N kò mọ̀ bóyá nítorí tiwa ni eré náà fi dópin lóòótọ́. Iṣẹ́ ilé tẹlifísọ̀n lè ní ìdí mìíràn tí ọmọdé kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ nìyẹn, òun náà ni ó sì bá wa gbé. Àjíkẹ́ ṣì dúró sí etí títì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó máa lọ sílé.

Iléyá tí ó kọjá yìí ni Àǹtí Nímọ̀ta tó padà wá sí Osi. Bílíkì ti ga tó mi léjìká. Obìnrin náà ń yára sọ̀rọ̀, ó ń jẹun ní ìdúró, ó sì máa ń wo ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú bí ẹni ń wo iná tí kò mọ̀ bóyá yóò jó òun. Ní ọjọ́ tí yóò padà, bọ́ọ̀sì ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Bílíkì ti fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ti ká wọn, ó sì ti dì wọ́n sínú báàgì sẹ́yìn ilẹ̀kùn láì sọ fún ẹnìkan. Ìyá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fa etí ìborùn ara rẹ̀. "Bílíkì, mo ti rí ilé tí ó ní yàrá. Iléèwé kò jìnnà síbẹ̀. Ṣé o máa bá mi lọ?"

"Rárá, mà," ni Bílíkì wí. "Ẹ ṣé, mà."

Mo rí ojú Àǹtí Nímọ̀ta. Mo ti rí ojú náà rí, lára obìnrin mìíràn, nínú pálọ̀ wa. Ó ní, "Ó dáa. Kò burú." Ó tẹ̀ láti gbé àpò rẹ̀.

"Nímọ̀ta!"

Ìyá Àgbà ni, ó ń tiro bọ̀ láti ilé ìdáná, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tún bi í!"

"Ìyá, ó ní òun kò lọ."

"Ó ní! Ta ní í bi ọmọ tí mo tọ́ lẹ́ẹ̀kan? Ṣé ìwọ kò kọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tirẹ ni? Àbí Èkó ti jẹ gbogbo orí rẹ tán? Tún bi í, mo ní!"

Awakọ̀ pa fèrè rẹ̀ mọ́. Àǹtí Nímọ̀ta sọ àpò kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti ọmọ rẹ̀ dọ́gba, ó sì tún bi í. Bílíkì ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ojú rẹ̀ sì ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń sunkún. Bílíkì sáré wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú báàgì náà lórí kí ẹnikẹ́ni tó nu ojú. Bí bọ́ọ̀sì náà ṣe lọ nìyẹn, tí Ìyá Àgbà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ilé.

Súlè ti wà ní Ìlọrin níbi tí ó ti ń kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Ìyá Àgbà nìkan ni a jókòó sídìí àgbàdo. Ó pè mí bí ó ṣe ń yin ín lọ.

"Mọ̀ríámọ̀."

"Mà."

"Ìyá ọmọ inú tẹlifísọ̀n yẹn. Ó padà àbí kò padà?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

"Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé."

"A mọ̀, Ìyá. Òkúta máa ń wà nínú ẹ̀wà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ó ní, "Ọjọ́ tí Rùkáyà wá, ìbéèrè tèmi náà nìyẹn. Mo ń retí kí ẹ̀yin ọmọdé kọ́kọ́ bi tiyín." Ó na ọwọ́ mú àgbàdo mìíràn. Bàsíà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, nítorí náà ohùn àgbàdo tí ń já bọ́ lọ sókè gan-an.